Bíríkìlà ni Bàbá Mi, Káfíńtà ni Mo Fẹ́ Dà

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòsí. Èkíní ń ti ọ̀nà ọjà Mile 12 wá: ata rodo tó ti ń rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, tòmátì tí tírélà gbé láti òkè Ọya tí oòrùn sì ti bà jẹ́ lójú ọ̀nà, àlùbọ́sà tí omi wọ̀. Atẹ́gùn á gbé e gba orí òrùlé wá, á wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni tó wá gba owó ilé. Èkejì kò jìnnà rárá. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ló ti ń wá, lábẹ́ àtíbàbà Ọ̀gá Múrí káfíńtà. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìfági fá ni. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ òórùn yẹn. Ó dùn, ó sì korò díẹ̀ nínú imú, bí orógbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé owó ti ń wọ yàrá tó kọjú sí tiwa.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, kọ́rídọ̀ tóóró kan láàárín wọn tí èéfín sítóòfù ti sọ di dúdú. Ilẹ̀kùn wa àti ilẹ̀kùn Ọ̀gá Múrí kọjú síra. Ohun tí wọ́n bá sè, àwa la máa kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń ta nínú epo. Bí tiwa náà bá jẹ́ gàárì, àwọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ bí a ṣe ń da omi sí i.

Bàbá mi náà ní òórùn tirẹ̀, ti sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ mọ́ aṣọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó, bíríkìlà ló sì ń ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sán káàkiri. Ìyá mi a máa fi òrí pa á fún un nírọ̀lẹ́, a sì máa ráhùn bó ṣe ń pa á. "Bíríkìlà kan ti tó nínú ilé yìí." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bó bá rí mi tí mo ń fi iyanrìn ṣeré, á tún wí i. Bó bá gbọ́ pé ẹnìkan ń wá ọmọbìnrin tó máa fẹ́, á ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ ọkọ, nítorí òun kò béèrè. Bàbá mi kì í bínú sí i. Ọ̀rọ̀ kan ló ní tó fi ń dáhùn gbogbo nǹkan: "Ẹ jẹ́ kó gbẹ." Bí ọbẹ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí àwọn aládùúgbò bá ń jà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí mo bá ṣubú tí orúnkún mi bó, tí mo ń ké, á wò ó, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á ní kí n jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ má rò pé bàbá mi kì í ṣiṣẹ́. Aago mẹ́fà kì í bá a nílé. Ṣùgbọ́n owó ojúmọ́ ló ń gbà. Kí òjò má rọ̀, kí sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀, kí onílé má rìnrìn-àjò: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, a jẹ ẹja. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ìyá mi á gbé ìkòkò sórí iná kí àwọn tó kọjú sí wa má baà mọ̀, omi lásán ló sì máa wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, ojú ọ̀run ni gbogbo wa máa ń wò bí a bá jí. Mo kórìíra òjò nígbà yẹn bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀gá Múrí ní tirẹ̀ kò mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Odindi iṣẹ́ ló máa ń gbà. Á dá iye tó máa gbà fún gbogbo òrùlé, á gba ìdajì sọ́wọ́ kó tó gbé òòlù. Nígbà tí òjò bá lé bàbá mi wọlé, òun á wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, á máa kan bẹ́ẹ̀dì, á máa kan àga, á máa kan ilẹ̀kùn, á sì máa súfèé. Lẹ́yìn èyí, ó tún ní pákó àti ọparun tirẹ̀ tó fi ń háyà fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe dẹ́kìn. Ó kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè é. Àmọ́ bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n yẹn, èèyàn á mọ̀ pé ẹni tó yó ló ń bá ẹni tí ebi ń pa sọ̀rọ̀.

Kò sí ibi tí ìyàtọ̀ náà ti dùn mí tó ilé ẹ̀kọ́. Rísì, ọmọ Ọ̀gá Múrí, wà nínú kíláàsì mi ní Kétu. Sáńdà rẹ̀ a máa dán. Tèmi, wáyà ni bàbá mi fi rán an. Lọ́jọ́ kan tíṣà ní kí oníkálukú dìde sọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ojú ti mí láti pe bíríkìlà, mo wá ní, "Ó ń kọ́ ilé." Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn pariwo pé, "Ilé ta ni? Ṣebí háyà ni ẹ̀yin náà wà!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Rísì kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó wò mí bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo ẹni tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu. Káfíńtà ni mo máa ṣe, bí wọ́n bá ń lù mí bí wọ́n kò bá lù mí.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ilé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún un, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, káfíńtà ló máa kọ́kọ́ gbé ọparun dúró káàkiri inú ilé, á tẹ́ pákó lé e lórí bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á to irin sórí pákó. Lẹ́yìn náà bíríkìlà á da sìmẹ́ńtì àti òkúta sórí rẹ̀, òun la ń pè ní dẹ́kìn. Láti ìgbà náà, dídúró ló kù. Dẹ́kìn ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ lò kó tó lè gbé ara rẹ̀. Káfíńtà ló ni pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kó o lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, torí pákó tó bá wà lábẹ́ ilé kan kò lè mówó wá láti ibòmíràn. Nítorí náà, ìkánjú ni iṣẹ́ Ọ̀gá Múrí, sùúrù sì ni ti bàbá mi. Àṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà ni pé káfíńtà ló ni igi, àmọ́ bíríkìlà tó da dẹ́kìn ló ni ẹnu. Bí kò bá tíì sọ pé ó tó, ẹnì kankan kì í fọwọ́ kan ọparun kan. Wọn kò kọ ọ́ síbì kan. Ẹnu ni, ẹnu náà sì tó.

Nígbà tí mo parí kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, kò sówó láti lọ sí ìkẹrin. Bàbá mi rò pé màá máa tẹ̀lé òun lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi ló wọ kọ́rídọ̀ kọjá lọ bá Ọ̀gá Múrí. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí a kò gbọ́, àárín wa kò ju ẹsẹ̀ márùn-ún lọ. Lọ́jọ́ kejì Ọ̀gá Múrí dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń fi igi ta eyín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Ṣínà máa bọ̀. Mi ò ní gba owó ìkọ́ṣẹ́ báyìí. Oṣù mẹ́ta ni màá fi wò ó. Bó bá wúlò fún mi, kọ́bọ̀ ẹ ò ní san. Bí kò bá wúlò, ẹ gba ọmọ yín, ẹ fún un ní búlọ́ọ̀kù gbé."

Bàbá mi wò mí. "Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ ọ́ tán. Ó mi orí. N kò wo ojú rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó rò ó pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọ fún láàárín ilé pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan kan á ṣe é.

Mo ti lo bí oṣù méjì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múrí nígbà tí iṣẹ́ Àlàájà dé. Àlàájà yìí, ata àti tòmátì ló ń tà lọ́pọ̀ ní Mile 12, ó ti tà á títí ọrùn rẹ̀ fi ki. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń kọ́ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Bàbá mi ni bíríkìlà ibẹ̀, Ọ̀gá Múrí ni káfíńtà. Lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn, Àlàájà se ìrẹsì, ó pa ewúrẹ́, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó dúró láàárín ẹrọ̀fọ̀ sìmẹ́ńtì, ó ká ìró sókè. "Ẹ bá mi yọ̀ o! Ata ló kọ́ ilé yìí o, n ò jalè!" Gbogbo àwọn lébìrà ń dáhùn, "Àmín, Ìyá Àlàájà!" Bàbá mi wà lókè, ó ń fi pákó gígùn tẹ́ ojú sìmẹ́ńtì jẹ́jẹ́. Bó ṣe tẹ́ fàráńdà òkè, èyí tó yọ síta lójú títì, ọ̀tọ̀ ni. Ó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ṣé ó máa sùn síbẹ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Múrí rí iṣẹ́ kan ní Mágòdò. Ẹ̀yin náà rántí ìgbà tí Mágòdò ń dìde, tí owó ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí pákó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á pe ẹlòmíràn. Gbogbo pákó rẹ̀ sì wà lábẹ́ dẹ́kìn Àlàájà. Ó pè mí.

"Ṣínà, bàbá ẹ ń mọ fẹ́ǹsì ní Alápẹ̀rẹ̀. Lọ bá a. Sọ fún un pé mo kí i. Bi í bóyá a lè tú pákó Àlàájà lọ́la." Ó ń wọn igi kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Bó bá ní rárá, Mágòdò ti lọ nìyẹn. Èmi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ máa fi ọmọ iṣẹ́ ṣe bí kò bá síṣẹ́."

Mo fẹsẹ̀ rìn ín, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Bàbá mi wà lórí igi tí wọ́n gbé ti ògiri, ó ń na okùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó rí mi, ó rò pé nǹkan ṣe ìyá mi. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ó fọ ọwọ́, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó pín búrẹ́dì àti àkàrà tó fẹ́ jẹ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi.

"Sọ fún Múrí pé ti inú ilé, ó lè tú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ti fàráńdà òkè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án títí oṣù yóò fi pé. Èyí tó bá yọ síta, kò ní ògiri tó gbé e, àfi ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ṣé o gbọ́? Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ ọ́ geere bí ẹni ka ìwé.

Ọ̀nà tí mo gbà padà kò gùn, ṣùgbọ́n mo ronú lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe ronú lórí ohunkóhun látìgbà náà lọ. Mo rí ara mi tí mo ń gbé búlọ́ọ̀kù. Mo rí wáyà tó wà lára sáńdà mi. Mo rí ìyá mi tó ń da omi sínú ìkòkò. Mo wá ń wí lọ́kàn mi pé bàbá mi, kí ni kò ní kó gbẹ? Ọbẹ̀ náà ńkọ́? Ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń fòyà ni, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ tálákà. Èrò tó wá sí orí mi nìyẹn, tí àkàrà rẹ̀ sì wà nínú mi.

Ọ̀gá Múrí ń dúró dè mí lẹ́nu àtíbàbà. "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ lè tú u."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, ọ̀gá."

"Ti fàráńdà ńkọ́?"

"Ti fàráńdà náà."

Ó wò mí títí. Ó ti ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Wàá di káfíńtà," ó wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a tú u. Èmi gan-an ni mo fi òòlù gbá ọparun abẹ́ fàráńdà kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ọ̀kan bá ṣe ń bọ́, màá sá sẹ́yìn, màá gbójú sókè. Nǹkan kan kò ṣe. Ó dúró. Inú mi dùn pé bàbá mi ti ṣe àṣìṣe. Kò kọjá níwájú ilé Àlàájà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, torí ọ̀nà Alápẹ̀rẹ̀ kò gba ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, fàráńdà náà wó. Iléyá kù díẹ̀, Àlàájà sì ti so àgbò ńlá kan mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó lè rí ibòòji. Àgbò yẹn ló pa. Àwọn ọmọ Àlàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní koríko tán ni, wọn kò tíì rìn dé ẹnu géètì. Gbogbo èèyàn ń sọ pé àgbò ló kú dípò wọn. Mágòdò ni mo wà nígbà tí ìròyìn dé, mo di pákó kan mú lókè àjà, ọ̀gá mi sì ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àlàájà pe gbogbo wa jọ síwájú ilé náà. Wọn kò tíì gbé àgbò náà kúrò. Èèyàn kún ojú títì, ó dà bí ìgbà tí wọ́n mú olè.

"Bàbá Ṣínà," Àlàájà wí, ohùn rẹ̀ ti ha, "àpò sìmẹ́ńtì mélòó lẹ dà sínú dẹ́kìn mi? Mélòó lẹ kó lọ sílé? Ẹ sọ ọ́ létí gbogbo ayé!"

Bàbá mi kò tíì dáhùn tí Ọ̀gá Múrí fi bọ́ síwájú. "Ìyá Àlàájà, èmi kì í tú pákó láìgbẹnu bíríkìlà. Mo ránṣẹ́ sí wọn. Ọmọ inú wọn ni mo rán, òun ló dúró yẹn. Ẹ bi í ohun tí bàbá rẹ̀ wí."

Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá mi náà wò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò lè ṣàlàyé ìwò yẹn. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú iyanrìn. Ó mọ ohun tó sọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un sọ fún òun. Ó sì mọ̀ pé bí mo bá lanu níbẹ̀ báyìí, oṣù mẹ́ta mi ti parí, kò sì sí ọ̀gá kan ní Kétu títí dé Ọ̀jọ́ta tó máa gba ọmọ iṣẹ́ tó ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ó ní, "Ẹ má bi ọmọdé. Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u. Mo ṣi ọjọ́ kà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà á lẹ́nu ara wọn. "Bíríkìlà ogún ọdún kò mọ ọjọ́ kà?" "Irọ́ ló ń pa, sìmẹ́ńtì ló jí!" "Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀!" Ọ̀gá Múrí ń wo ilẹ̀. Mo ní ẹnu nígbà náà, mo ní ahọ́n. Mo dúró bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ sílé, bàbá mi rìn níwájú. Ó kù díẹ̀ ká dé ẹnu ilé kó tó sọ̀rọ̀, kò sì yíjú padà.

"Ṣé Múrí ṣì ní kó o wá lọ́la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Tètè jí o."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fàráńdà náà títí ó fi kú.

Ó tún fàráńdà náà kọ́ láìgba owó. Aṣọ òkè ìyá mi lọ níbẹ̀, rédíò wa lọ níbẹ̀. Àmọ́ sìmẹ́ńtì lè dí ibi tó wó, kò lè dí ẹnu ará àdúgbò. Láti Ìkòsí dé Mile 12, wọ́n sọ ọ́ di Bíríkìlà Aṣiọjọ́kà. Àwọn onílé kò pè é mọ́. Láàárín ọdún kan, ó di ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì fún àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Àwọn yẹn ń pè é ní bàbá, wọ́n sì ń sọ fún un pé kó fi omi kún un. Ìyá mi kò bi í bóyá òótọ́ ni pé ó jí sìmẹ́ńtì. Ìbá sàn kó bi í. Ó kàn jáwọ́ nínú fífi òrí pa ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ń yọ̀ mọ́ mi. "Ṣé ẹ rí i pé mo sọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ káfíńtà ni iṣẹ́." Bó bá wí bẹ́ẹ̀, bàbá mi á dìde, á lọ jókòó síta.

Oṣù mẹ́ta pé, Ọ̀gá Múrí gbà mí, kò sì gba kọ́bọ̀. Mo lo ọdún mẹ́rin, mo gba òmìnira. Ó kọ́ mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Fún ọdún bíi mélòó kan owó wọlé lóòótọ́. Mo ra aṣọ fún bàbá mi, mo kan bẹ́ẹ̀dì fún un. Ó máa ń fi ọwọ́ gba orí bẹ́ẹ̀dì náà kọjá, á sì ní, "Ó jọjú." Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, á ti sùn, tàbí á ṣe bí ẹni tó sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ mọ bí nǹkan ṣe yí padà. Òde òní, àwọn tó ń ta páànù òrùlé ní òṣìṣẹ́ tiwọn, wọ́n á wá, wọ́n á kàn án, wọ́n á lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀kùn ń ti òkè òkun wá nínú páálí. Irin ni wọ́n ń háyà báyìí láti gbé dẹ́kìn dúró, ọparun ti di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà. Àwọn ọmọ Kùtọnu ló ń ṣe àjà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Bíríkìlà ńkọ́? Ẹ wá wò wọ́n. Fóònù wọn kì í sinmi. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń wá to búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀yìn Ìkòsí. Owó ojúmọ́ tí wọ́n ń gbà báyìí, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá káfíńtà, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí i. Ọmọ bíríkìlà kan tí mo lè bí lọ́mọ kí mi láìpẹ́ yìí, ó ní, "Daddy, iṣẹ́ yín ti kú o. Ẹ wá máa bá wa gbé búlọ́ọ̀kù." Àwàdà ló ń ṣe. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ìdè ilẹ̀kùn ni mo ń tún ṣe kiri báyìí, kọ́kọ́rọ́ tó há, àga tó yẹsẹ̀. Ní oṣù tó kọjá ẹnìkan pè mí sí ilé kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa àtijọ́, n kò sì mọ̀ pé ilé Àlàájà ni àfi ìgbà tí mo débẹ̀. Ó ṣì wà láyé. Ó ti kéré bí ọmọdé, ó jókòó sórí àga lábẹ́ fàráńdà yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó gbọ́ òòlù mi.

"Ìwọ káfíńtà yìí, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? O mọ òòlù lù."

"Ọ̀gá Múrí ni, Àlàájà. Kọ́lọ́run kẹ́ wọn."

"Háà, Múrí! Èèyàn dáadáa ni Múrí." Ó mi orí. "Òun ló kan ilé yìí. Ká ní bíríkìlà mi náà dà bí ẹ̀ ni. Olè ni bíríkìlà mi, kó o mọ̀. Ó kù díẹ̀ kó pa mí lọ́mọ. Mo ti dárí jì í, àmọ́ olè ni." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, ọmọ àdúgbò yìí ni ẹ́, àbí? Ta ni bàbá ẹ?"

Ìṣó mẹ́rin ló kù tí mo fẹ́ kàn. Mo kàn wọ́n. Mo ní, "Bàbá mi ti kú tipẹ́, mà."

Ó ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ní àmín. Ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ fún mi lówó, mo gbà á, mo kó irinṣẹ́ mi.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ padà láti Alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bú u. Àmọ́ ebi ń pa á, ojú sì ń tì í, ẹnìkan sì di ọjọ́ iwájú rẹ̀ mú síwájú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn na ẹran sí ajá. Èmi tí mo dúró níwájú Àlàájà lóṣù tó kọjá, mo ti jẹun kí n tó jáde. N kò ní ọ̀gá tó lè lé mi. Kò sí iṣẹ́ kan tí mo lè pàdánù tí kò tíì lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo ní láti sọ, "Bíríkìlà yín ni," arúgbó tó fẹ́ gbọ́ ọ ló sì bi mí fúnra rẹ̀. Ọmọ yẹn purọ́ torí ó fẹ́ di nǹkan. N kò mọ ohun tí èmi ń wá tí mo fi pa ẹnu mọ́.